Tẹ́ẹ̀sì wo ló yẹ kí ẹ sanwó rẹ̀? CA-125, HE4, hCG àti AMH fún obìnrin Ifẹ̀ àti Iléṣà

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, èsì àyẹ̀wò méjì jáde tẹ̀léra wọn nínú ẹ̀rọ wa. Àyẹ̀wò kan náà ni, CA-125, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àmì jẹjẹrẹ ilé ẹyin. Ọ̀kan jẹ́ 92, èkejì jẹ́ 88. Ẹni tó ni 92 jẹ́ ọmọ ọdún 29, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lápá Mayfair. Ó ti lọ wá orúkọ tẹ́ẹ̀sì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ojú rẹ̀ sì ti wú fún ẹkún. “Àǹtí, ṣé jẹjẹrẹ ni?” Mo ní kí ó jókòó ná. Mo bi í ìgbà tó rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn. Ó ní ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun.

Ẹni tó ni 88 jẹ́ ìyá ẹni ọdún 61 láti Ìlódè. Ara tiwọn balẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn tó wà l'Ékòó ló ń yọ àwọn lẹ́nu pé kí àwọn ṣe é, pé inú tó ń wú àwọn láti oṣù mẹ́ta, gáàsì lásán ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò ní jẹjẹrẹ. Ìyá Ìlódè ló yẹ kó sáré. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láàbù ní Ilé-Ifẹ̀, irú èyí sì ti ṣojú mi tó kí n lè sọ ọ́ tọkàntọkàn: nọ́ńbà orí ìwé kò tó nǹkan bí a kò bá mọ ẹni tó ni ín àti ìbéèrè tó gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ owó tí àwọn obìnrin wa ń ná lórí àwọn tẹ́ẹ̀sì wọ̀nyí kì í ṣe kékeré. Mo fẹ́ kó wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tó fẹ́ yan lè yan.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Purotéènì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá. Kì í ṣe ti inú ẹ̀wà àti ẹyin tí a ń jẹ. Ẹ̀yà ara ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, tó ń dà á sínú ẹ̀jẹ̀. Láàbù á fi èròjà méjì tó dà bíi sójà ara mú un: ọ̀kan á dì í mú níwájú, ìkejì á dì í mú lẹ́yìn, ìkejì yìí á sì tan ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ lè kà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ohun tó mú kí purotéènì náà pọ̀. Ẹni tó dúró ní Lágere tó rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán mọ̀ pé nǹkan kan ń jó. Kò lè mọ̀ bóyá àgbẹ̀ ló ń sun igbó, tàbí ẹnìkan ń yan ẹja, tàbí ilé ló gbiná.

Nítorí náà, ìbéèrè ni mo kọ́kọ́ ń wò. “Ṣé mo ní jẹjẹrẹ?” yàtọ̀ sí “Kókó tí skáànì rí nínú ilé ẹyin mi yìí, irú dókítà wo ló yẹ kó yọ ọ́?” Méjèèjì tún yàtọ̀ sí “Kí ló dé tí mi ò tíì lóyún?” Tẹ́ẹ̀sì tó dáhùn ọ̀kan dáadáa lè ṣì yín lọ́nà lórí èkejì. Lẹ́yìn náà ni mo ń wo bó ṣe máa ń ṣì: ṣé ó máa ń ké gbàjarè níbi tí kò sí nǹkan, àbí ó máa ń dákẹ́ níbi tí nǹkan wà? Mo ń wo owó pẹ̀lú, kì í sì í ṣe owó tẹ́ẹ̀sì nìkan, owó gbogbo ohun tí èsì rẹ̀ á tún fà lẹ́yìn. Mo ń wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é gan-an, torí ọ̀pọ̀ láàbù kékeré kàn ń fa ẹ̀jẹ̀ ni, wọ́n á wá kó o ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Èkó. Kò burú, bí wọ́n bá tètè ya omi ẹ̀jẹ̀ náà sọ́tọ̀ tí wọ́n sì fi yìnyín gbé e. Ẹ béèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìbéèrè tí mo kà sí jù lọ ló kẹ́yìn: bí èsì bá ga, kí lẹ máa ṣe? Bí kò bá ga ńkọ́? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ fi owó yín sápò.

CA-125

Òun ni orúkọ rẹ̀ tàn jù. Robert Bast àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi hàn ayé ní 1981, ní Amẹ́ríkà. 125 yẹn orúkọ ni, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí ìyá kan ti sọ fún mi rí pé níwọ̀n ìgbà tí tàwọn kò tíì dé 125, ewu ò sí. Ààlà tí ọ̀pọ̀ láàbù ń lò jẹ́ 35.

Awọ tó bo inú ikùn, tó bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, àti awọ inú ilé ọmọ máa ń ṣe purotéènì yìí. Ohunkóhun tó bá ń ta wọ́n lára lè gbé e sókè: nǹkan oṣù, oyún oṣù àkọ́kọ́, fáíbúrọ́ọ̀dì tí àwọn ìyá wa ń pè ní ìju, kòkòrò tó wọ abẹ́ lọ sí ilé ọmọ, ẹ̀dọ̀ tó ti le, ọkàn tó ti rẹ̀, àti endometriosis, èyí tí irú awọ inú ilé ọmọ ń hù síta ilé ọmọ, tó ń fa ìrora nígbà nǹkan oṣù. Endometriosis yìí ló ń bá akẹ́kọ̀ọ́ Mayfair jà. Láti ìgbà tó ti wà níléèwé girama ló ti ń dá a dùbúlẹ̀ lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń sọ fún un pé bí obìnrin ṣe ń rí nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ń rí.

Èyí tó máa ń dùn mí jù nínú gbogbo wọn ni ikọ́ ife, TB, tó bá wọnú ikùn. Inú á kún fómi. Obìnrin á rù. CA-125 á fò kọjá ọgọ́rọ̀ọ̀rún, skáànì á sì gbé ohun tó jọ jẹjẹrẹ jáde. Gbogbo ẹbí á ti máa wo ara wọn lójú. Bẹ́ẹ̀, oògùn TB tí ìjọba ń fún aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ lè wò ó sàn. N kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi CA-125 nìkan sọ fún obìnrin pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe é, ibi yòówù kí onítọ̀hún ti kàwé dé. Kí wọ́n fa omi inú wò, tàbí kí wọ́n gé ẹran bín-íntín wò, kí orúkọ tó jáde lẹ́nu.

CA-125 tún máa ń dákẹ́. Bí jẹjẹrẹ ilé ẹyin bá ti tàn ká inú, nínú obìnrin 10, ó máa ń ga lára nǹkan bíi 8. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ṣì wà lójú kan, ìgbà tí iṣẹ́ abẹ lè gba ẹ̀mí là jù, nǹkan bí ìdajì wọn péré ló ń fi hàn. Ní Ìlú Ọba, wọ́n kó obìnrin tó lé ní 200,000 jọ, láti ẹni ọdún 50 sí 74, tí kò sí àmì lára wọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọ́ apá kan nínú wọn, àwọn kan pẹ̀lú CA-125 tó ń ṣáájú skáànì, àwọn mìíràn pẹ̀lú skáànì nìkan. Nígbà tí èsì ikú jáde ní 2021, iye tí jẹjẹrẹ náà pa láàárín àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ kò dín sí ti àwọn tí wọn kò ṣọ́. Bí ẹ bá wá rí CA-125 nínú “àyẹ̀wò gbogbo ara” tí wọ́n ń polówó fún ọdún Kérésì, tí ohunkóhun kò sì ṣe yín, ẹ fò ó kọjá. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, “Àǹtí, ó kéré tán ọkàn mi á balẹ̀.” Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́ lè pani, ìpayà tí kò nídìí sì ti gbé obìnrin tí ara rẹ̀ le lọ sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ.

Ibi tó ti wúlò wà. Obìnrin, pàápàá ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, tí inú ń wú lójoojúmọ́, tí oúnjẹ díẹ̀ ti ń yó, tí abẹ́ ikùn ń dùn, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n jù ti tẹ́lẹ̀: ìlànà tí Ìlú Ọba gbé jáde ní 2011 ni pé kí wọ́n ṣe CA-125 fún un, bó bá sì dé 35, kí skáànì tẹ̀ lé e. Obìnrin tí skáànì ti rí kókó lára rẹ̀ náà nílò rẹ̀. Ẹni tó ti ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ilé ẹyin ló wúlò fún jù lọ, torí bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ tàbí tó ń gòkè láti oṣù dé oṣù ń sọ̀rọ̀ ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ.

HE4 àti ROMA

Ara ẹpọ̀n ọkùnrin ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí HE4, kí wọ́n tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ilé ẹyin náà máa ń tú u jáde. Àǹfààní rẹ̀ lórí CA-125 ni pé ìju, nǹkan oṣù àti endometriosis kì í sábà gbé e sókè. Fún ọ̀dọ́bìnrin tó ní kókó nínú ilé ẹyin, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Àléébù rẹ̀ ni kíndìnrín. Bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, HE4 á ga láìsí jẹjẹrẹ kankan. Pẹ̀lú bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń ba kíndìnrín jẹ́ láàárín àwọn ìyá wa, n kì í ka HE4 láìkọ́kọ́ béèrè èsì kíndìnrín. Ọjọ́ orí àti sìgá náà máa ń gbé e sókè.

ROMA kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ìṣirò ni: wọ́n á fi CA-125 àti HE4 pọ̀, wọ́n á wo bóyá nǹkan oṣù obìnrin náà ti dá, wọ́n á sì sọ bóyá ewu rẹ̀ kéré tàbí ó pọ̀. Amẹ́ríkà fàṣẹ sí i ní 2011 fún obìnrin tó ti ní kókó tí wọ́n sì ti ń múra láti ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Kò wà fún ẹni tí kò ní kókó. Ó tún wọ́n ju CA-125 lọ, kì í sì í ṣe gbogbo láàbù ló ní i.

Skáànì, àti ìṣirò tí kò ná yín ní kọ́bọ̀

Skáànì kì í ṣe purotéènì, ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sílẹ̀, torí òun ló ń sọ ìtumọ̀ nọ́ńbà. Lọ́pọ̀ ibi ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, owó rẹ̀ kéré sí ti CA-125, èsì sì ń jáde lójú ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ti ojú ara ṣe ń rí ilé ẹyin dáadáa ju ti orí ikùn lọ. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ: ẹni tó kàn kọ “kókó ńlá” sílẹ̀ láìsọ bóyá omi ni tàbí ẹran, bóyá apá kan ni tàbí méjèèjì, kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ní 1990, Ian Jacobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RMI, láti fi díwọ̀n bóyá kókó inú ilé ẹyin lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Bíró àti ìwé lásán ló gbà. Ẹ wá nǹkan márùn-ún nínú èsì skáànì: ihò púpọ̀ nínú kókó náà, ẹran tó le nínú rẹ̀, kókó ní apá méjèèjì, omi nínú ikùn, àti àmì pé ó ti tàn. Bí kò bá sí ọ̀kankan, ẹ fún un ní 0; bó bá jẹ́ ọ̀kan, 1; bó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 3. Obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù gba 1, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá gba 3. Ẹ wá fi méjèèjì sọ CA-125 di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ Ajé yẹn. Kókó tí skáànì rí lára akẹ́kọ̀ọ́ Mayfair ní àmì kan ṣoṣo: 1 lọ́nà 1 lọ́nà 92, ó jẹ́ 92. Ìyá Ìlódè ní omi nínú ikùn, ẹran sì wà nínú kókó: 3 lọ́nà 3 lọ́nà 88, ó jẹ́ 792. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá 200, ọwọ́ dókítà tó mọ iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ obìnrin ló yẹ kó bọ́ sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gé e lọ́nà àìtọ́ ti ba ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan péré nípa àwọn ọmọdébìnrin àti ọ̀dọ́ tí kókó wọn ní ẹran nínú: irú jẹjẹrẹ tó ń bá wọn jà yàtọ̀ sí ti ìyá wọn. AFP, LDH àti hCG, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta mìíràn, ni kí ẹ béèrè mọ́ CA-125. Wọ́n ń wo irú èyí sàn gan-an bí a bá tètè mú un.

hCG, èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù

Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí tẹ́ẹ̀sì oyún. Ìyẹn náà ni, ibi ọmọ ló ń ṣe é. Àmọ́ oyún kan wà tí kò ní ọmọ nínú, tí ibi ọmọ á kàn máa wú bí ìdì èso àjàrà. Ikùn á yára tóbi, èébì á pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa wá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ ilé ọmọ tán, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè ṣẹ́kù kó di jẹjẹrẹ tó ń sáré lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. hCG ló ń sọ bóyá ó kù tàbí kò kù, kò sì sí purotéènì mìíràn nínú ìwé yìí tó ń sọ òótọ́ tó o.

Min Chiu Li ló kọ́ ayé ní èyí. Ní 1956, ní ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda, òun àti Roy Hertz ń fi oògùn methotrexate wo àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ yìí ti tàn kálẹ̀ lára wọn. Kókó ẹ̀dọ̀fóró wọn pòórá lójú X-ray, ara wọn yá. Ṣùgbọ́n Li rí i pé hCG ṣì wà nínú ìtọ̀ wọn, ó ní òun kò ní dáwọ́ oògùn dúró àfi tó bá di òfo. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbà, wọ́n sì lé e kúrò níbẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n tọ́jú títí hCG fi di òfo ni àìsàn náà kò padà sára wọn. Ní 1972 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Lasker, ẹ̀bùn ìṣègùn tó lókìkí ní Amẹ́ríkà. Bí mo bá rántí ìtàn yìí, mo máa ń rántí àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn dá lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, tí wọn kò sì padà wá mọ́ nítorí ara ti yá. Ẹ padà wá. Ẹ máa ṣe é títí yóò fi wálẹ̀ tán, àti fún iye oṣù tí dókítà bá sọ lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ má sì lóyún láàárín ìgbà náà, torí oyún tuntun á bo èsì mọ́lẹ̀.

Páálí kékeré tí wọ́n ń ki bọ ìtọ̀, tó ń fi ìlà méjì hàn, kò tó fún èyí. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló mọ̀, bí hCG bá sì pọ̀ kọjá ààlà ó lè sọ pé kò sí. Ẹ ní kí wọ́n ka iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tí ikùn ń dùn, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀, tí oyún sì wà, ẹ má jókòó sílé máa retí èsì. Oyún tó dúró sínú ọ̀nà ẹyin lè bẹ́. Iye hCG lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ méjì láàárín, pẹ̀lú skáànì ojú ara ló ń là á yé. Nínú oyún tó dára níbẹ̀rẹ̀, iye náà máa ń sún mọ́ ìlọ́po méjì láàárín wákàtí 48 sí 72.

AMH: èbù tó kù nínú abà

Àwọn tó ń wá ọmọ ló ń béèrè èyí, ìyá ọkọ sì ló ń sanwó rẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn àpò ẹyin kéékèèké inú ilé ẹyin ló ń ṣe AMH. Ó ń sọ bí èbù ṣe kù tó nínú abà. Kò sọ bí ilẹ̀ ṣe rí, kò sọ bóyá òjò á rọ̀, kò sì sọ bóyá èbù tó kù á hù. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2017 tẹ̀ lé nǹkan bí obìnrin 750, ẹni ọdún 30 sí 44, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti lóyún, tí wọn kò sì ní ìtàn àìrọ́mọbí. Àwọn tí AMH wọn kéré lóyún bí àwọn tí tiwọn pọ̀ ṣe lóyún. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi èsì AMH sọ fún ìyàwó ilé pé kò lè bímọ. Mo ti rí ilé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú lórí ìwé kan ṣoṣo yìí, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Ẹni tó ń lọ ṣe IVF, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní láàbù, nílò rẹ̀ gan-an, torí òun ni dókítà fi ń díwọ̀n abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ nígbà tó ṣì ń fẹ́ bímọ náà nílò rẹ̀. Fún àgbàlagbà obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń fo oṣù, tí irun ń hù ní àgbọ̀n, àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé gbà láti 2023 pé AMH tó ga lè dúró ní ipò skáànì láti fi PCOS hàn, ìyẹn àìsàn tí àpò ẹyin kéékèèké ti máa ń pọ̀ jù nínú ilé ẹyin.

FSH, họ́mọ̀nù tí ọpọlọ fi ń rán ilé ẹyin níṣẹ́, ni alábàádíje rẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi ó rọrùn láti rà ju AMH lọ, àmọ́ ọjọ́ kejì sí ìkẹrin nǹkan oṣù nìkan ni wọ́n ń ṣe é, èsì rẹ̀ sì lè yàtọ̀ láti oṣù kan sí òmíràn. AMH kò ní ọjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn ìfètòsọ́mọbíbí lè fà á wálẹ̀. Ẹ wo òṣùwọ̀n orí ìwé dáadáa: láàbù kan ń kọ ọ́ ní ng/mL, òmíràn ní pmol/L, 1 ti àkọ́kọ́ sì jẹ́ nǹkan bí 7 ti ìkejì. Obìnrin kan ṣe é níbì méjì, ó sì rò pé ẹyin òun ti kú láàárín oṣù kan. Nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba.

Kí tọkọtaya tó ra AMH, àyẹ̀wò àtọ̀ ọkọ ni kí wọ́n ṣe. Ó dín ní owó, kò dunni, ó sì ń yanjú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀nà ẹyin tó dí wọ́pọ̀ láàárín wa, AMH kò sì lè rí i. X-ray tí wọ́n ń da oògùn sí ilé ọmọ ṣe ló ń rí i.

Ọrùn ilé ọmọ: ẹ má wá a nínú ẹ̀jẹ̀

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù, torí àwọn ènìyàn ń wá sí láàbù wá béèrè “tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ fún jẹjẹrẹ ojú ara”. Kò sí purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ kankan tí a lè fi ṣọ́ ọrùn ilé ọmọ. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń pa àwọn obìnrin wa ju ti ilé ẹyin lọ, òun náà ló sì ṣeé dènà jù. Kárí ayé ní 2022, obìnrin bíi 350,000 ló kú nípasẹ̀ rẹ̀.

Kòkòrò HPV ló ń fà á. Oríṣi 16 àti 18 nìkan ló ni bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Àyẹ̀wò HPV ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí á fi ṣíwájú láti 2021: láti ẹni ọdún 30, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 5 sí 10. Ẹni tó ní HIV á bẹ̀rẹ̀ ní 25, á sì máa ṣe é léraléra jù bẹ́ẹ̀. Obìnrin lè fi òwú gba omi ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò fínígà ló dín ní owó jù: wọ́n á fi fínígà pa ọrùn ilé ọmọ, ibi tó bá funfun á hàn, wọ́n sì lè tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n dáadáa lè ṣe é ní ilé ìwòsàn kékeré. Kì í ṣe fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, torí ibi tó yẹ kí wọ́n wò ti wọlé lọ. Pap smear, níbi tí wọ́n ti ń ha sẹ́ẹ̀lì ọrùn ilé ọmọ wò, dára, àmọ́ ó ń fẹ́ ẹni tó máa ka ojú awò, èsì sì ń pẹ́. Obìnrin tó wá láti abúlé lè má padà wá gbà á.

Purotéènì kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣá o, p16, lára ẹran tàbí omi tí wọ́n gbà lọ́rùn ilé ọmọ. Nígbà tí HPV bá ti da ìjánu tó ń ṣàkóso sẹ́ẹ̀lì rú, p16 máa ń kún inú rẹ̀. Dókítà ló máa béèrè rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọmọbìnrin yín tó wà láàárín ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2023 kàn án, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń gún un.

Ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dá, tí ẹ̀jẹ̀ tún wá yọ, bó ti wù kó kéré, kí wọ́n má wá ra tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ kankan lọ́dọ̀ mi. Skáànì ojú ara ni, bí awọ inú ilé ọmọ bá sì ju mílímítà 4 lọ kí wọ́n gé díẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá dá, kí wọ́n gé e wò bí ó tilẹ̀ tín-ín-rín, pàápàá bí ìju kò bá jẹ́ kí skáànì ríran.

Kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀

Ẹ kò nílò láti febi pa ara yín fún ọ̀kankan nínú àwọn wọ̀nyí. Ẹ dúró kí nǹkan oṣù dá kí ẹ tó ṣe CA-125. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ inú, iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ máa ń gbé e sókè. Ẹ sọ fún láàbù bí ẹ bá ń lo oògùn irun àti èékánná. Biotin, irú fítámì kan tó wà nínú rẹ̀, lè da àwọn ẹ̀rọ kan láàmú. Ẹni tó ń ṣe é léraléra, kí ó máa ṣe é ní láàbù kan náà, torí ẹ̀rọ méjì kì í sábà ka iye kan náà. Ìyá Ìlódè mọ èyí dáadáa báyìí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àti oògùn, 88 wọn ti di 11, inú àpò ọ̀rá búlúù ni wọ́n ń to gbogbo èsì wọn sí, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fa ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Bí ohunkóhun kò bá ṣe yín, tí ẹ sì lé ní 30 ọdún, HPV tàbí fínígà. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Bí inú bá ń wú yín láìdáwọ́dúró tí ẹ sì ti kọjá 50, CA-125 àti skáànì papọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí skáànì bá ti rí kókó, ẹ ṣe RMI. Bí ẹ bá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tí CA-125 ga díẹ̀, tí kíndìnrín dára, tí owó sì wà, HE4 tọ́ sí i. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ilé ẹyin, CA-125, pẹ̀lú HE4 bí ó bá ga níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fọ oyún tí kò ní ọmọ nínú fún, hCG; bí kò bá sówó mọ́tò, kí ẹbí dá a jọ fún un. Tọkọtaya tó ń wá ọmọ, àtọ̀ ọkọ àti ọ̀nà ẹyin ìyàwó ṣáájú, AMH tí IVF bá ti wọ ọ̀rọ̀.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ètò ìbánigbófò ìlera tí ẹ wà nínú rẹ̀ ohun tó gbà nínú wọn kí ẹ tó fọwọ́ sápò. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó bá le, ilé ìwòsàn ńlá ti fásitì, ní Ifẹ̀ tàbí ní Wesley Guild Iléṣà, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ibi tó kàn fún yín. Bó bá jẹ́ pé owó ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, tí inú sì ń wú, ẹ ra skáànì.